“Ìwé Yín Dà?”: Ẹgbẹ́ Ẹlẹ́rìn-ín Àdúgbò àti Bí Òfin Ṣe Ń Dá A Mọ̀

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé lórí ẹgbẹ́ ẹlẹ́rìn-ín, ìyẹn àwọn ará àdúgbò tí wọ́n máa ń pàdé láti rẹ́rìn-ín pọ̀ nítorí ìlera ara wọn. A tọpa ẹgbẹ́ náà dé ìlú Mumbai ní orílẹ̀-èdè Íńdíà níbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ní 1995. A wo ohun tí èdè àti àṣà Yorùbá mọ̀ nípa ẹ̀rín, a sì ṣe àlàyé ìgbésẹ̀ tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní láti gbé kí òfin Nàìjíríà tó dá a mọ̀. Ẹgbẹ́ kan tí àwa náà jẹ́ ọmọ rẹ̀ ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. Èrò wa ni pé iṣẹ́ èdè pọ̀ nínú ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ ju bí a ti ń rò lọ.

Ìfáárà

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ní nǹkan bí aago mẹ́fà àbọ̀, àwọn àgbàlagbà mẹ́rìndínlógún dúró ní òbìrìkìtì lórí pápá ìṣeré kọ́lẹ́ẹ̀jì kan. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ìyá kan tí ó ń ta àkàrà wà níbẹ̀, bàbá kan tí ó ti fi ọgbọ̀n ọdún wa ọkọ̀ ìjọba náà wà níbẹ̀. Yorùbá, Haúsá àti Ígbò wà nínú wọn, Ígálà méjì sì wà pẹ̀lú. Kò sí ẹni tí ó pa àwàdà kankan. Ẹ̀ṣọ́ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí ẹnu ọ̀nà rìn wá, ó dúró, ó wò wọ́n títí, ó wá ní: “Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ má bínú o. Ìwé yín dà?”

Kò sí ìwé. Àwa náà wà nínú òbìrìkìtì yẹn, a kò sì rí nǹkan sọ. A kò bú ẹ̀ṣọ́ náà, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń ṣe: ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ lo pápá gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹgbẹ́ tí ẹnì kan mọ̀ níbì kan. Fún oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ọjọ́ náà, ẹ̀yìnkùlé ọmọ ẹgbẹ́ kan ni a ń há mọ́. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé e dé ibẹ̀ kò wá mọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni bàbá kan tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Èkó àti Kánádà. Ó sọ fún wa lórí fóònù pé òun máa ń lo ọjọ́ mẹ́ta nígbà mìíràn láì bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ ju ẹni tí ó ń ta omi lọ. Nígbà náà ni ó yé wa pé ọ̀rọ̀ ìwé yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan lè béèrè pé kí ni ó kan olùkọ́ èdè Yorùbá nínú èyí. A ó rí i bí a bá ti ń lọ.

Ẹ̀rín nínú èdè àti àṣà Yorùbá

Yorùbá kì í fi ojú kan ṣoṣo wo ẹ̀rín. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ tó àpẹẹrẹ. Bí a bá ní Adé rẹ́rìn-ín, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Rín àti ẹ̀rín ni a pa pọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ní Adé fi Òjó rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ ti di ìjà. Ọ̀rọ̀ kékeré kan, fi, ni ó yí inú dídùn padà di ẹ̀gàn. Ẹni tí ó bá sì mú wa rẹ́rìn-ín, pípa ni a ní ó pa wá: ó pa mí lẹ́rìn-ín. A tún ní ẹ̀rín músẹ́ tí kò kọjá ètè, ẹ̀rín kèékèé tí ó máa ń ti ẹnu ọmọdé jáde, ẹ̀rín ẹ̀yẹ, ẹ̀rín ẹlẹ́yà, àti àríntàkìtì tí ó máa ń gbé ẹni ṣubú lórí àga. Gbogbo wọn ni a mọ̀ yàtọ̀ sí ara wọn, kódà bí a kò bá rí ojú ẹni tí ó ń rín in.

Àwọn àgbà sì ti mọ̀ pé ẹ̀rín àti ìbànújẹ́ kò jìnnà síra. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín, àti pé bí ọ̀rọ̀ bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín ni a ń fi í rín. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwùjọ wa kì í fi ojú rere wò: ẹni tí ó dá dúró tí ó ń rẹ́rìn-ín láìsí ohun tí ó pa á lẹ́rìn-ín. Orúkọ tí a ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò dùn ún gbọ́. Ohun tí àwọn ará ilé tí ó wà lẹ́yìn ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ́kọ́ rò nípa wa nìyẹn, a kò sì lè dá wọn lẹ́bi púpọ̀.

Ẹ̀rín tí a ń ṣe ní gbangba, tí àwùjọ sì fi ọwọ́ sí, kì í ṣe tuntun sí wa. Ní Kétu, ní Ìmẹ̀kọ àti ní àwọn ìlú Yewa mìíràn, ẹ̀fẹ̀ a máa jáde lóru kí ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ọ̀sán tó bẹ̀rẹ̀. Orin ni yóò máa fi sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ lójú olówó àti lójú ìjòyè. Ó lè fi olè ṣe yẹ̀yẹ́, ó lè fi alágbèrè ṣe yẹ̀yẹ́, ó lè fi ìjọba ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò mú un fún un, nítorí ìlú ti fún un ní àyè náà kí ó tó lanu. Ní 2001, àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn ogún àṣà pàtàkì àgbáyé, wọ́n sì kó o sínú ìwé àkójọ wọn ní 2008 ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ẹ̀rín Yorùbá ti wọ ìwé òyìnbó ṣáájú tiwa, bí a bá fẹ́ wò ó bẹ́ẹ̀. A kò gbàgbé Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá, tí ó papò dà ní 2018, ẹni tí ó sọ àwàdà di iṣẹ́ tí ènìyàn lè fi bọ́ ilé.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun kan. Nínú gbogbo èyí, ẹnì kan ni ó ń pani lẹ́rìn-ín, àwọn yòókù ni ó ń rín. Ẹ̀fẹ̀ wà, èrò ìwòran wà. Aláwàdà wà, ẹni tí ó san owó wọlé wà. Nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́rìn-ín, kò sí aláwàdà, kò sì sí èrò ìwòran. Ibẹ̀ ni ó ti yàtọ̀.

Mumbai, 1995

Dókítà oníṣègùn kan, Madan Kataria, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó ń kọ àpilẹ̀kọ kan lórí ẹ̀rín gẹ́gẹ́ bí oògùn, ó sì ti ka ìwé Norman Cousins, akọ̀ròyìn ará Amẹ́ríkà tí àìsàn oríkèé ara dá wó ní 1964. Cousins sọ nínú ìwé tí ó gbé jáde ní 1979 pé òun máa ń wo fíìmù apanilẹ́rìn-ín lórí ibùsùn, àti pé bí òun bá rẹ́rìn-ín dáadáa fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òun a máa rí oorun wákàtí méjì sùn láìsí ìrora. Kataria rò ó pé dípò kí òun kàn kọ ọ́, èé ṣe tí òun kò dán an wò? Ní 13 oṣù Kẹta, 1995, ó lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ kan ní àdúgbò Lokhandwala ní agogo àárọ̀, ó ń pe àwọn tí ó ń na ẹsẹ̀ wọn kí wọ́n wá bá òun rẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ènìyàn márùn-ún péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ wọ́n ti lé ní àádọ́ta.

Nígbà náà, àwàdà ni wọ́n ń pa. Ẹnì kan á bọ́ sí àárín, á sọ ti rẹ̀, àwọn yòókù á rín in. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, àwàdà tán. Ohun tí ó kù lẹ́nu àwọn ènìyàn ni ọ̀rọ̀ rírùn àti ọ̀rọ̀ tí ó ń bu ẹlòmíràn kù. Àwọn kan bínú, wọ́n ní kí wọ́n tú ẹgbẹ́ ká. Kataria bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún òun ní ọjọ́ kan. Ó padà sí ilé lọ ka ìwé, ó sì bọ̀ pẹ̀lú èrò pé ara kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀rín tòótọ́ àti ẹ̀rín àmọ̀ọ́mọ̀rín; bí ènìyàn bá fi ara rín in, èémí rẹ̀ á lọ sókè sódò, iṣan rẹ̀ á tú, bí ó bá sì wo ojú ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀, ẹ̀rín èké náà kì í pẹ́ kí ó tó di òdodo. Ní ọjọ́ kejì wọ́n dán an wò láìsí àwàdà kankan.

A rò pé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti so èso gan-an nìyí, kò sì sí Yorùbá tí kò ní lóye rẹ̀. Àwàdà nílò èdè kan. Àwàdà Ìjẹ̀bú lè má pa ará Ìlọrin lẹ́rìn-ín, a kò tíì sọ ti Haúsá àti Ígálà. Àwàdà nílò ẹni tí a ó fi ṣe é pẹ̀lú: ìyàwó kan, akúṣẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀yà kan. Nígbà tí wọ́n yọ àwàdà kúrò, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, fi, kúrò pẹ̀lú. Kò sí ẹni tí a ń fi rẹ́rìn-ín mọ́.

Ìyàwó Kataria, Madhuri, jẹ́ olùkọ́ yoga. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti mú ìlànà mímí tí wọ́n pa pọ̀ mọ́ ẹ̀rín náà, tí a fi ń pè é ní yoga ẹ̀rín ní ibi púpọ̀. Bí ìpàdé ṣe ń lọ kò le. Wọn á pàtẹ́wọ́, wọn á máa sọ “ho ho, ha ha ha” ní ìlù kan náà. Wọn á mí kanlẹ̀. Wọn á wá ṣe onírúurú ẹ̀rín: ẹ̀rín ìkíni, níbi tí oníkálukú ti ń rìn lọ bá ẹnìkejì láti kí i, ẹ̀rín kìnnìún, tí a ń yọ ahọ́n síta, ẹ̀rín fóònù, tí a ń ṣe bí ẹni pé ẹni tí ó pè wá sọ ohun kan. Ìdajì wákàtí kò ní kọjá. Wọn kì í gba owó wọlé, kì í ṣe ẹ̀sìn, kì í sì í ṣe òṣèlú.

Láti Mumbai ó tàn ká Íńdíà, ó sì rékọjá òkun. Ní 1998 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe Ọjọ́ Ẹ̀rín Àgbáyé ní Mumbai. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù Karùn-ún ni wọ́n ń ṣe é báyìí.

Kí ni ó wà nínú rẹ̀ ní ti òdodo?

A kì í ṣe oníṣègùn, a kò sì fẹ́ ta oògùn tí a kò pò. Robert Provine, onímọ̀ nípa ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, lọ jókòó sí ọjà àti ojú títì, ó ń ṣe àkọsílẹ̀ ohun tí àwọn ènìyàn sọ kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín. Ohun tí ó rí ni pé ẹ̀rín tí ó tẹ̀lé ohun tí ó jọ àwàdà kò tó 20 nínú 100. Ọ̀rọ̀ lásán bí “ó dàárọ̀ o” tàbí “o ti dé?” ni ó pọ̀ jù. Ó tún rí i pé ènìyàn máa ń rẹ́rìn-ín láàárín ẹgbẹ́ ní nǹkan bí ìlọ́po 30 ju ìgbà tí ó bá dá wà lọ. Ní 2012, Robin Dunbar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oxford gbé ìwádìí jáde tí ó fi hàn pé àwọn tí wọ́n jọ rẹ́rìn-ín dáadáa lè fara da ìrora ju bí wọ́n ti lè ṣe ṣáájú lọ.

Kò sí nínú èyí pé ẹ̀rín ń wo àtọ̀gbẹ sàn. Ẹni tí ó bá ní ìpá, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára, ní láti bi dókítà rẹ̀ kí ó tó bọ́ sí òbìrìkìtì. A kọ èyí sínú ìwé òfin ẹgbẹ́ wa.

A sì gbọ́dọ̀ rántí pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀rín ni ìlera. Ní 30 oṣù Kìn-ín-ní, 1962, ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan ní Kashasha, ní Tanganyika ìgbà náà, ọmọ mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọn kò sì lè dá a dúró. Ó ran ọmọ 95 nínú 159. Wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ náà pa ní 18 oṣù Kẹta. Ẹkún àti ìbẹ̀rù wà nínú ẹ̀rín ọ̀hún. Àwọn tí ó yẹ̀ ẹ́ wò kò rí májèlé tàbí kòkòrò kankan. Wàhálà ọkàn ni wọ́n kà á sí. Ẹ̀rín tí ènìyàn yàn láti rín, tí ó sì lè dá dúró nígbà tí ó bá wù ú, ni ẹgbẹ́ ẹlẹ́rìn-ín ń sọ.

Ìdánimọ̀ lábẹ́ òfin

Ìdánimọ̀ tí a ń sọ nípa rẹ̀ pín sí oríṣi méjì ní Nàìjíríà, àwọn ènìyàn sì máa ń da méjèèjì pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀tọ́ láti pàdé. Abala 40 nínú òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 ti fún gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti péjọ ní àlàáfíà kí wọ́n sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó nílò ìwé kí ó tó rẹ́rìn-ín. Ìkejì ni jíjẹ́ ẹni lójú òfin: kí ẹgbẹ́ lè ní orúkọ tirẹ̀, kí ó ní àkáǹtì ní báńkì, kí ó lè tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn fún lílo pápá, kí ó pe ẹlòmíràn lẹ́jọ́ kí wọ́n sì lè pe òun náà. Èyí ni ẹ̀ṣọ́ ń béèrè, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀.

Ìjọba ìbílẹ̀ ni ó sún mọ́ wa jù. Òfin orílẹ̀-èdè fi ìtọ́jú ọgbà ìgbafẹ́ àti ilẹ̀ gbalasa sí ìkáwọ́ ìjọba ìbílẹ̀, nítorí náà ọ̀dọ̀ wọn ni ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ lo irú ibẹ̀ yóò kọ́kọ́ lọ. Wọ́n lè fún ẹgbẹ́ àdúgbò ní ìwé ẹ̀rí, ìwé náà sì wúlò, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò jìnnà. Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ ìdánimọ̀ tí gbogbo Nàìjíríà yóò gbà ní láti lọ sí àjọ CAC, tí ó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀. Òfin CAMA tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kẹjọ 2020 ni wọ́n ń lò, ìpín F nínú rẹ̀ ni ó sì kan ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti èrè. Kì í ṣe ẹgbẹ́ ni òfin náà ń fi orúkọ sílẹ̀ gan-an. Àwọn alágbàtọ́ ẹgbẹ́ ni, àwọn tí gbogbo ènìyàn ń pè ní trọ́sítíì.

A kọ́kọ́ wá orúkọ, kí àjọ náà yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹlòmíràn ti ń jẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá gbà á, wọn á fi í pamọ́ fún ọjọ́ 60. Ẹgbẹ́ á wá ṣe ìpàdé, á yan alágbàtọ́, á sì ṣe àkọsílẹ̀ ìpàdé náà: ta ni ó wá, ta ni kò wá, mélòó ni ó dìbò. Ìwé òfin ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ wà, òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ wà. Wọn á polówó rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ méjì, tí ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ń kà dáadáa ní agbègbè náà. Ẹnikẹ́ni tí kò bá fẹ́ ní ọjọ́ 28 láti kọ̀wé sí àjọ náà. Bí kò bá sí àtakò tí ó lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀, ìwé ẹ̀rí á jáde.

Nínú àwọn tí òfin ní wọn kò lè ṣe alágbàtọ́ ni ọmọdé, ẹni tí ó jẹ gbèsè títí ilé-ẹjọ́ fi kéde rẹ̀, ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi ẹ̀tàn láàárín ọdún márùn-ún, àti ẹni tí ilé-ẹjọ́ sọ pé orí rẹ̀ kò pé. Nígbà tí a ka èyí tí ó gbẹ̀yìn yìí sókè níbi ìpàdé, ẹ̀rín tí a rín ní ọjọ́ náà kì í ṣe àmọ̀ọ́mọ̀rín.

Àtakò kò ṣọ̀wọ́n. Ní Mumbai kan náà, ní 2011, àgbàlagbà kan ní àdúgbò Kurla gbé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ẹlẹ́rìn-ín lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga Bombay, ó ní ariwo wọn ní òwúrọ̀ kò jẹ́ kí òun sinmi. Ilé-ẹjọ́ kò fi ọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. A gbà pé òun náà ní ẹ̀tọ́. Ẹni tí kò sùn lóru, tí ènìyàn ogún wá ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé rẹ̀ ní àfẹ̀mọ́júmọ́, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé kì í ṣe òun ni wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín?

Orúkọ, èdè àti ìwé òfin wa

Àwa ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé, nítorí wọ́n ní olùkọ́ èdè ni wá. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni orúkọ. “Ẹgbẹ́ Ẹlẹ́rìn-ín” kọ́kọ́ wá sọ́kàn, ṣùgbọ́n àwọn Yorùbá inú wa kò fẹ́ ẹ: wọ́n ní ó jọ ẹgbẹ́ àwọn tí ó ń fi ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá alákàrà ní bí òun bá jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí yóò ra àkàrà òun mọ́. Àwọn Ígbò mú ọchị wá, ìyẹn ẹ̀rín ní èdè wọn. Ó dára, ṣùgbọ́n àwọn yòókù kò lè pè é bó ṣe yẹ.

Ní ìpàdé kẹta, a sọ ọ́ lẹ́nu bí eré pé ohun tí a ń ṣe ni ìdárayá. Màlámù kan tí ó ti kọ́ ìṣirò fún ọdún púpọ̀ gbójú sókè. Ó ní, “Ẹ̀yin náà ń pè é ní dariya?” Ìgbà náà ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi etí sí i. Dariya ni ẹ̀rín ní èdè Haúsá. Dárayá ní èdè Yorùbá ni kí ara yá gágá, kí ènìyàn na iṣan rẹ̀. Ibẹ̀ ni eré ìdárayá ti wá. A kò sọ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n: ti Yorùbá ní ara àti yá nínú kedere, ti Haúsá sì ní ìpìlẹ̀ tirẹ̀. Wọ́n kàn pàdé lójú ọ̀nà ni. Ṣùgbọ́n ìpàdé yẹn tó wa. Orúkọ tí a fi ránṣẹ́ ní dárayá nínú, oníkálukú sì ń gbọ́ ọ ní èdè rẹ̀.

Ó tún yanjú ìṣòro mìíràn. Òfin CAMA ka irú ète tí ẹgbẹ́ lè ní: ẹ̀sìn, ẹ̀kọ́, lítíréṣọ̀, sáyẹ́ǹsì, àwùjọ, ìdàgbàsókè, àṣà, eré ìdárayá, àánú. Kò sí ẹ̀rín níbẹ̀. A kọ ọ́ pé ète wa ni eré ìdárayá àti ìbáṣepọ̀ àwùjọ láàárín àwọn àgbàlagbà, a sì wá fi ẹ̀rín sí abẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ìwé òfin ránṣẹ́, ṣùgbọ́n a kọ́kọ́ jíròrò rẹ̀ ní Yorùbá, Haúsá àti Ígbò, nítorí ìdajì ọmọ ẹgbẹ́ kò ní tọwọ́ bọ ohun tí wọn kò gbọ́. Gbólóhùn tí ó gba wa ní àkókò jù ni èyí tí ó sọ pé ọmọ ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín sí ẹlòmíràn lọ́nà tí ó bu ẹni náà kù. Ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ti tó: a kò gbọdọ̀ “fi ènìyàn rẹ́rìn-ín”. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ó di ìlà mẹ́ta, amòfin tí ó bá wa wò ó sì tún fi ìlà kan kún un.

Ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù ẹ̀yìn ọgbà kọ̀wé sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kí ọjọ́ 28 tó pé. Wọ́n ní ariwo pọ̀, wọ́n sì fura pé ẹ̀sìn tuntun ni. A lọ bá wọn ní ilé alága wọn pẹ̀lú obì. Wọ́n bi wá bóyá a máa ń gbàdúrà, a ní rárá. Wọ́n bi wá bóyá a máa ń gba owó, a ní rárá. Àwọn náà ò wá mọ ohun tí wọn ó tún béèrè. Àdéhùn tí a ṣe ni pé a kò ní bẹ̀rẹ̀ kí aago méje tó lù, àti pé ibi tí ó jìnnà sí odi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó gólù kejì, ni a ó máa dúró sí. Wọn kò kọ̀wé sí CAC.

Ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀ ni ikú. Bàbá tí a mẹ́nu kàn ní ìbẹ̀rẹ̀ wà nínú àwọn alágbàtọ́ mẹ́ta tí a yàn. Òun ni ó lálùbáríkà jù nínú wa, kò sì sí ẹni tí ó bá a du ipò náà. Ó kú nígbà tí ìwé wa ṣì wà lórí tábìlì ní Àbújá. Orúkọ rẹ̀ ti jáde nínú ìwé ìròyìn méjèèjì. Ó di dandan kí a tún pe ìpàdé, kí a yan ẹlòmíràn, kí a ṣe àkọsílẹ̀ tuntun, kí a sì tún polówó. Owó ìpolówó kejì yìí ni ó fẹ́ tú ẹgbẹ́ ká, nítorí owó ìfẹ̀yìntì àwọn kan kò tíì wọlé láti oṣù mélòó kan. Àwọn ọmọ bàbá náà gbọ́ nígbà tí wọ́n wálé ìsìnkú, wọ́n sì san án. Wọ́n ní àwọn kò mọ̀ pé bàbá àwọn máa ń rẹ́rìn-ín.

Ìwé ẹ̀rí náà ti dé. Láàárín 30 oṣù Kẹfà àti 31 oṣù Kejìlá ọdọọdún, bẹ̀rẹ̀ láti ọdún tí ó tẹ̀lé ìforúkọsílẹ̀, a gbọ́dọ̀ fi ìròyìn ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí àjọ náà, kí wọ́n má baà fi owó ìtanràn sí wa lọ́rùn. Àwa tí a ń kọ ọ́ kò ní pẹ́ fẹ̀yìn tì, nítorí náà a ti ń kọ́ ọ̀dọ́ olùkọ́ kan ní ẹ̀ka èdè Haúsá bí a ti ń ṣe é. Ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí náà wà ní ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀ṣọ́ tí ó béèrè ìwé lọ́wọ́ wa ṣì wà níbẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ó máa ń kọ orúkọ wa sínú ìwé ńlá rẹ̀, ní ibi tí ó yẹ kí ó kọ ìdí tí a fi wá, ó máa ń kọ dariya.